Ohùn Bàbá Dìímú

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì

Dìímú, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Èmi wà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, bàbá rẹ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwà tiẹ̀ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí o mọ èmi àti fóònù. "Ṣé o ń gbọ́ mi?" "Mò ń gbọ́ yín, Màmá." "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ká tó gbọ́ra wa tán, ó ti já. Lẹ́tà kì í já ní tiẹ̀, mo sì lè ki tìrẹ bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Ọ̀fun bàbá rẹ ni. O rántí ohùn tó fi ń pariwo mọ́ ọ látorí àkàbà tó bá ń kọ pátákó, "Dì í mú! Dì í mú!", títí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ di orúkọ fún ọ? Ohùn yẹn ti há. Tó bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń fi sáńpépà ha igi. Dókítà wò ó, ó ní nǹkan kan hù síbẹ̀, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní ẹ̀mí ò ní bọ́, ṣùgbọ́n ohùn, ká má fọkàn sí ohùn. Wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀ sí ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Bàbá rẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó dìde. Ó gba ilé Tíṣà aládùúgbò wa lọ, ó ní kó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, òun fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ kí ohùn tó lọ. Ó lé Tíṣà síta nínú ilé ara rẹ̀! Ó lé èmi náà, èmi tí mo bí ọ. A jọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ọmọ tó jẹ̀bi. Nígbà tó jáde, ó ní kí Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ náà sórí fláàṣì, kó sì pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ lójú òun, pé etí kan ṣoṣo lòun bá sọ̀rọ̀. Tíṣà pa á rẹ́. Mi ò mọ ohun tó sọ o. Mo fi oúnjẹ tàn án títí, ó jẹ oúnjẹ, kò sọ̀rọ̀.

Ìyàwó Tíṣà ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín, òun ni mo fi aṣọ búlúù yìí àti lẹ́tà yìí rán. Tú etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà. Mo rán fláàṣì mọ́ ibẹ̀ kó má bàa sọnù lọ́nà.

Mo mọ̀ pé kò jáde sìn ọ́ lọ́jọ́ tó o ń lọ. Orí àkàbà ló wà tó ń kun pátákó fún káfíńtà, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n alágídí ni bàbá rẹ, kì í ṣe òkúta. O rántí ògiri káfíńtà tó kọ MA TO SIBI sí? Wọ́n ṣì ń tọ̀ síbẹ̀. Tí wọ́n bá mú wọn, wọ́n á ní "máa tọ̀ síbí" làwọn kà, pé ẹni tó ni ògiri ló fún àwọn láyè. Mo ti sọ ọ́ títí pé kó máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní àmì ń ba ẹwà lẹ́tà jẹ́, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ̀ ọ́n kà. Irú ẹni tí Ọlọ́run fi fún mi nìyẹn.

Gbọ́ ohun tó sọ, kó o sì wá kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá abẹ. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn. Èkejì, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ti ń tán. Bá mi wá èyí tó nípọn díẹ̀.

Èmi ìyá rẹ tí etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kúulé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Aṣọ náà dé, ó bá mi mu bí ẹni pé ẹ dúró tì mí rán an. Mo ti tú etí rẹ̀, mo ti rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé báwo ni ibi iṣẹ́ ṣe rí. Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò ní fèrèsé. Láti àárọ̀ ni ooru omi gbígbóná ti máa ń gba gbogbo ibẹ̀, funfun báláú, a kì í rí ojú ara wa. Aṣọ ibùsùn nìkan là ń rí tó ń ti inú èéfín yọ. Èmi á di igun méjì mú, ẹni tó wà ní òdìkejì á di méjì mú, a ó nà án, a ó ká a. Ìgbà míì máa ń wà tí mo máa ń rò pé àkàbà ni mo dì mú, pé Bàbá wà lókè níbi tí ojú mi ò tó, tó ń kùn sínú, tó ń fa ọ̀dà lọ lórí pátákó. Mo lè wà bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n á fi pè mí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà mi. Màmá, ohùn yẹn ò já gaara. Ó ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ nínú iná. Ó ń gé, á wọlé, á tún jáde, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi tó ń yọrí díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé sípíkà ló bàjẹ́, mo bá lo íápíìsì, bákan náà ni. Mo fi orin sí i, orin dún geere. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo pa gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Alábàágbé mi, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú òdòdó ní òtẹ́ẹ̀lì wa, tí kò gbọ́ èdè wa rárá, ní bóyá dírẹ́bà ohùn inú kọ̀ǹpútà ló ti gbó. Mo pààrọ̀ dírẹ́bà. Kò yí padà.

Ìwọ̀nba tí mo gbọ́, mo ti gbọ́ ọ. Mi ò rò pé màá lè wá, Màmá. Iṣẹ́ pọ̀. Ẹ bá mi kí i.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Dìímú,

Mo kí ọ. Ṣé ara le?

Iṣẹ́ pọ̀! Ta ni iṣẹ́ ò pọ̀ fún? Aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀ níbí gègèrè, mo sì ń fọ ọ̀fun bàbá rẹ pẹ̀lú omi iyọ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ìsinmi tó o ti kọ̀wé sí mi nípa ẹ̀ kí àìsàn yìí tó dé, tó o ní ọ̀gá yín ti fọwọ́ sí, ibo ló wọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, dírẹ́bà wo lẹ tún fi sínú kọ̀ǹpútà? Ibo ló ń gbé ohùn náà lọ? Tó bá ti gbó, ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn tì. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń fo bẹ́ẹ̀, epo díẹ̀ ni màá kán sí i. Tíṣà ní kí n pa ìyẹn rẹ́ nínú lẹ́tà, pé ẹ̀rù ń ba òun kó o má lọ kán epo sí kọ̀ǹpútà. Mi ò pa á rẹ́. Ìwọ náà lọ́gbọ́n lórí.

Ọ̀rọ̀ gidi rèé. Ojoojúmọ́ ni bàbá rẹ ń bi mí tẹ́lẹ̀ pé, "Ó ti gbọ́?" Mo ní o gbọ́ díẹ̀. Ó ní, "Kí ló wá wí?" Mo ní o ní iṣẹ́ pọ̀. Kò bi mí mọ́ látìgbà náà. Ó kàn ń lọ dúró ti àkàbà lẹ́yìnkùlé, á gbé ọwọ́ lé e, á máa wo òkè bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Kí ni bàbá rẹ bá ọ sọ tó o fi ń sá? Má fi mí sínú òkùnkùn. Wá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ewu. Ìyàwó Tíṣà sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ ti kọjá, pé Bàbá ti jí, ó ti mu omi. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ láàárín aṣọ tútù níbi iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí mi títí ọjọ́ fi pé. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún yín kó má bàa da ààrin ẹ̀yin méjèèjì rú, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ mí nínú. Èyí ni mo gbọ́. Ibi tí ohùn ti gé ni mo fò:

"Dìímú... èmi... bínú... bínú... lọ... àkàbà... má bọ̀."

Ó tún un sọ níkẹyìn: má bọ̀. Ó gbà mí lọ́kàn débi pé mo gbọ́ ọ títí ó fi di bí orin létí mi. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo lọ bá ọ̀gá wa pé kó gbé ìsinmi mi fún ẹlòmíì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní kó má bọ̀, ibo ni yóò sọ pé òun ń lọ?

Mo mọ̀ pé mo fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Èmi ló fẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé inú rẹ̀ le tó báyìí, Màmá. Ó dùn mí gan-an ni.

Èmi náà ni.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Háà! Dìímú!

Mi ò ní kí ọ, kíkí ń bẹ níwájú. Bàbá rẹ wà láàyè, ọrùn rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó ń jẹun, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Ó lọ pátápátá. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo ti ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀ pé kí ariwo ọkùnrin yìí dínkù nínú ilé. Kí Ọlọ́run má gba irú àdúrà mi yẹn mọ́.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ tán, mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Mo ní, "Kí lẹ sọ fún ọmọ yìí?" Ojú ló fi ń wò mí. Mo ní, "Ẹ ò ní fi ojú dá mi lóhùn lónìí." Mo gbé bébà fún un, mo gbé pẹ́ńsù. Ó kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yàrá abẹ, tó sì tún kọ lẹ́tà gún régé bẹ́ẹ̀!

Mo ká bébà náà sínú lẹ́tà yìí. Kà á fúnra rẹ, kó o sì fi kọ̀ǹpútà burúkú yẹn sílẹ̀.

Ìyá rẹ tí inú ń bí díẹ̀.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́.

Mo rí bébà náà. Lẹ́tà mẹ́rin gàdàgbà, wọ́n dọ́gba, wọ́n dúró ṣánṣán, bó ṣe máa ń kọ ọ́ sórí pátákó: MA BO.

Ó ti yé mi wàyí. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ tó lè gé e. Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ tí ẹ ní kí n rà wà nínú àpò yìí, èyí tó nípọn ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Dìímú,

Abẹ́rẹ́ dé. Ìwọ dà?

Kí ló yé ọ? Ohun tí bàbá rẹ kọ sí ọ yẹn, ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń dá a lóhùn? Tó bá jẹ́ pé o ti ní ẹlòmíì tó ń jẹ́ bàbá níbẹ̀, sọ fún wa.

Ó ti ń jáde báyìí. Ọ̀sán ló máa ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á pa ojú dé, á dojú kọ títì. Mo rò pé ó ń sùn. Mo fi aṣọ bò ó. Ó ṣí ojú, ó nawọ́ sí etí ara rẹ̀, ó tún nawọ́ sí títì. Mo jókòó tì í. Ìrọ̀lẹ́ ń lọ, ilẹ̀ tutù, àwọn èèyàn ń kọjá, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí tìrẹ nínú wọn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Màmá mi, ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ bá mi jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Ọjọ́ Àìkú ni. Òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Alábàágbé mi kó òdòdó tí òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ dà nù wá sílé, gbogbo yàrá kún, orí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ tábìlì, òórùn wọn ń fa oorun. Mo dùbúlẹ̀ láàárín wọn. Mo ní bí Bàbá ò bá ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó jẹ́ èébú, èébú bàbá mi ni. Mo tún ṣí i.

Ọmọbìnrin yìí ń gé ẹsẹ̀ òdòdó, ó ń gbọ́ ọ láìmọ ohun tó ń wí. Ó kàn sọ pé, "Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà rẹ ń gbé èémí bàbá yẹn mì?"

Mo ní, "Èémí wo?"

Ó ní, "Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti há ló ń gé e. Kò gé orin."

Màmá, mo dìde jókòó. Mo wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn nínú kọ̀ǹpútà. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń fọ ohùn mọ́: ohunkóhun tó bá ti há, tó bá ti ń ha bí ariwo, á gé e dànù kó tó dé etí. Èmi ni mo tàn án fúnra mi lọ́dún tó kọjá, nítorí ariwo títì. Ó gbọ́ ọ̀fun tó ń dun Bàbá, ó pè é ní ìdọ̀tí. Ó ń fọ bàbá mi bí aṣọ ibùsùn! Mo pa nǹkan náà. Mo tún un gbọ́.

Kò ta pàrà mọ́. Ó há, ó há gan-an, ṣùgbọ́n ó pé. Mo gbọ́ títí kan àga Tíṣà tó ń dún lábẹ́ rẹ̀. Etí kan ló bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mò ń kọ ọ́ fún yín:

"Dìímú, èmi bàbá rẹ ni. Mi ò bínú. Mi ò bínú sí ọ rí. Lọ́jọ́ tó ò ń lọ, orí àkàbà ni mo wà. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dì í mú. Ohun tó ò ń ṣe níbẹ̀ dáa, máa ṣe é. Ṣùgbọ́n máa bọ̀. Tó o bá ti ráyè, máa bọ̀."

Máa, Màmá! Máa ni! A kejì, ibi tí èémí rẹ̀ ti fẹ́ tán, kọ̀ǹpútà gbé e mì. Ó gbé "mi ò" mì, ó wá ku "bínú" sílẹ̀ fún mi. Bébà yẹn ńkọ́? MA BO. MA TO SIBI. Mo rẹ́rìn-ín títí alábàágbé mi fi bu omi fún mi, nígbà tó yá, ó rí i pé ẹkún ni. Èmi ọmọ tó di àkàbà mú nígbà tó ń kọ ọ́, èmi náà ti di ẹni tó tọ̀ sí ògiri káfíńtà.

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Mi ò lè gba ìyẹn padà, á sì máa dùn mí. Mo ti bẹ ọ̀gá wa, ó ní mo lè gba ìsinmi tí oṣù yìí bá parí. Ṣùgbọ́n Bàbá ti retí mi títí, ó ti sú u, bóyá ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ bá mi bi í kí n tó di ẹrù: ṣé mo ṣì lè bọ̀?

Èmi Dìímú yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà

Dìímú, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo kí èyí tí mi ò kí lọ́jọ́sí mọ́ ọn. Bá mi kí ọmọ olódòdó. Sọ fún un pé etí rẹ̀ kò ní di láé.

Mo jókòó ti bàbá rẹ, mo ka lẹ́tà rẹ sókè. Nígbà tí mo dé ibi MA BO, ó gba bébà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tẹ̀lé e, ó wò mí, èmi náà wò ó. Èmi tí mo ti ń pariwo àmì láti ọjọ́ yìí, mo ka ohun tó wù mí síbẹ̀, mi ò tilẹ̀ ronú pé ó lè ní ìtumọ̀ méjì! Ojú tì wá, àwa méjèèjì.

Ó dìde. Ó gbé àkàbà láti ẹ̀yìnkùlé wá sí iwájú ilé. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ọrùn yín!" Kò gbọ́. Ó gun òkè. Kò lè pariwo "Dì í mú" mọ́, ló bá fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan àkàbà, kọ́, kọ́. Ó yé mi. Mo dì í mú. Ọ̀dà ń kán sí mi lórí, mo gbójú sókè láti bú u, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ ń lọ, pé ó ń kùn sínú bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, láìsí ohùn kankan. Mo sunkún díẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀, mo rò pé kò rí mi.

Ọ̀dà pupa ló lò, ògiri iwájú ilé wa pátá: MÁA BỌ̀. Ó fi àmì sí i! Àmì rẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ, torí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Tíṣà wá wò ó, ó ṣí fìlà. Káfíńtà náà wá, ó ní kó jọ̀ọ́, kó wá bá òun fi sí tòun.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ nǹkan sí bébà pé kí n fi sínú lẹ́tà. Mi ò fẹ́ kó tún di wàhálà, nítorí náà èmi ni mo kọ ọ́ síbí, pẹ̀lú àmì. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá A méjì tó. Ó ní tí kò bá tó, ọ̀dà ṣì kù.

Ìyá rẹ, tí ọ̀dà pupa wà nínú irun rẹ̀.